Ọ̀sẹ̀ tí ẹ kò parí nǹkan kan, ẹ má pa á rẹ́

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa mẹ́fà là ń kọ ètò ìsanwó orí íntánẹ́ẹ̀tì fún ilé iṣẹ́ wa, èmi ni mo sì ń darí iṣẹ́ náà. Ó ku ẹyọ iṣẹ́ 60. Iye tí a parí ní ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tó kọjá nìyí: 3, 5, 2, 6, 4, 0, 5, 3, 4, 2. Ọ̀gá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ètò kọ̀ǹpútà kan tó ní AI nínú, ó sì ní ọ̀sẹ̀ 14 la ó fi parí. Àwọn tí à ń jọ ṣiṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ 22. Ọ̀gá ní ọ̀lẹ ló ń ṣe wọ́n. Ó tún ní kí n yọ ọ̀sẹ̀ tí a kò parí nǹkan kan kúrò nínú àkọsílẹ̀, torí pé ètò àtijọ́ kan ló dẹnu kọlẹ̀ lọ́sẹ̀ náà tí gbogbo wa fi lọ tún un ṣe, irú ẹ̀ ò sì ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Ta ni kí n gbà gbọ́, ẹ̀rọ ni àbí ènìyàn?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá. Bí ó bá di dandan kí ẹ gba ẹnì kan gbọ́ nínú àwọn méjèèjì, àwọn ènìyàn yín ni kí ẹ gbà gbọ́. Ṣùgbọ́n kò tíì di dandan. Àwọn nọ́ńbà mẹ́wàá tí ẹ kọ ránṣẹ́ yẹn mọ̀ ju ẹ̀rọ lọ, wọ́n sì mọ̀ ju àwọn ènìyàn yín lọ. Àwọn ni kí a kọ́kọ́ bi.

Ẹ ro wọ́n pọ̀, ó jẹ́ 34. Ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́wàá, ó jẹ́ 3.4 lọ́sẹ̀ kan. Kí 60 tó lè tán ní ọ̀sẹ̀ 14, ẹ ní láti máa parí ẹyọ iṣẹ́ mẹ́rin ó lé díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láìsí ọ̀sẹ̀ kan tó kùnà. Ẹ wá wo àkọsílẹ̀ yín: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré nínú mẹ́wàá lẹ ṣe tó márùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí ẹ̀rọ ọ̀gá yín ń sọ ni pé láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, gbogbo ọ̀sẹ̀ yín yóò dà bí ọ̀sẹ̀ tí ara yín yá gágá. Ta ló ṣèlérí ìyẹn fún un?

Àmọ́ ìpíndọ́gba nìkan kò tó, nítorí ó ń fi ojú kan ṣoṣo han ohun tó ní ojú púpọ̀. Ẹ fojú inú wò ó pé a kọ nọ́ńbà mẹ́wàá náà sára bébà kéékèèké mẹ́wàá, a dà wọ́n sínú àpò. Ẹ di ojú, ẹ fa ọ̀kan yọ. Iye tó bá wà lára rẹ̀ ni iṣẹ́ tí ẹ parí ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ẹ dá bébà náà padà, ẹ gbọn àpò, ẹ tún fa òmíràn fún ọ̀sẹ̀ kejì. Ẹ máa rò ó pọ̀ títí yóò fi pé 60, kí ẹ wá kọ iye ọ̀sẹ̀ tó gbà sílẹ̀. Ìtàn kan ṣoṣo nìyẹn nípa bí ọjọ́ iwájú ṣe lè rí. Bí ẹ bá pa irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ní ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ẹ ó rí èyí tó wọ́pọ̀, ẹ ó rí èyí tó ṣọ̀wọ́n, ẹ ó sì mọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Kọ̀ǹpútà lásán tó wà lórí tábìlì yín á parí rẹ̀ kí ẹ tó ṣẹ́jú. Monte Carlo lorúkọ ọgbọ́n yìí, orúkọ ilé tẹ́tẹ́ kan ní Monaco ni wọ́n fi sọ ọ́. Àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, Stanislaw Ulam àti John von Neumann, ló gbé e kalẹ̀ ní Los Alamos, ibi tí Amẹ́ríkà ti ṣe bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù, ní kété tí Ogun Àgbáyé Kejì parí, nígbà tí wọ́n ń wá bí wọn ó ṣe ṣírò ìrìn neutron, ẹyọ kéékèèké inú átọ́ọ̀mù, nínú bọ́ǹbù. Ohun tí wọ́n fi wá ọ̀nà àtipa ayé run la fi ń mọ ọjọ́ tí ètò ìsanwó máa parí báyìí. Ayé yìí!

Mo ṣe ìṣirò náà fún yín. Nínú ọgọ́rùn-ún ìtàn, bíi 3 péré ni iṣẹ́ ti parí láàárín ọ̀sẹ̀ 14. Bó bá di ọ̀sẹ̀ 18, ó ti tó bíi 60. Ní ọ̀sẹ̀ 20, bíi 87. Ní ọ̀sẹ̀ 22 tí àwọn ènìyàn yín dá, bíi 97. Ẹ rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ ọ̀lẹ kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ tí ojú kò ti ní tì wọ́n ni wọ́n dá. Ọ̀gá yín ní tirẹ̀ ń wá ọjọ́ tí iṣẹ́ lè parí bí gbogbo nǹkan bá bọ́ sí i. Ìbéèrè méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dáhùn, wọ́n wá ń bára wọn jà lórí ìdáhùn.

Ó kan ọ̀sẹ̀ òdo yẹn, èyí tó jẹ́ kí n jókòó kọ gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn yìí. Bí ẹ bá yọ ọ́, 34 yóò di èyí tí a pín sí ọ̀nà mẹ́sàn-án, ìpíndọ́gba yóò gòkè dé nǹkan bíi 3.8, iṣẹ́ 60 yóò sì wọ inú ọ̀sẹ̀ 16. Ọ̀sẹ̀ méjì ti rá sínú afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò sì yára ju ti àná lọ. Òótọ́ lọ̀gá yín sọ pé ètò àtijọ́ yẹn lè má dẹnu kọlẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹlòmíràn á ṣàìsàn. Tàbí kí ilé ìfowópamọ́ tí ẹ fẹ́ so ètò yín mọ́ má fèsì lẹ́tà yín fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Tàbí kí òfin tuntun dé tí ẹ ó fi tún ojú ìwé kan kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjàǹbá kan náà kì í sábà padà wá, àbúrò rẹ̀ ló máa ń wá. Òdo yẹn ni àkọsílẹ̀ yín fi ń rántí gbogbo wọn.

Bí ọ̀gá bá ṣì takú, ẹ fi sùúrù bi í pé: ìgbà mélòó ni òdo wáyé nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá? Ẹ̀ẹ̀kan. Ìgbà mélòó ni 6 wáyé? Ẹ̀ẹ̀kan náà ni. Bí a bá máa yọ èyí tí kò wọ́pọ̀, ṣé kí a yọ méjèèjì? Mi ò tíì rí ọ̀gá tó gbà kí a yọ ọ̀sẹ̀ tó dára jù lọ.

Èmi náà ti pa irú òdo bẹ́ẹ̀ rẹ́ rí. Mo ṣì kéré nínú iṣẹ́ yìí nígbà náà, oníbàárà kan jókòó sí iwájú mi, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ló fẹ́ gbọ́. Mo yọ ọ̀sẹ̀ méjì tó burú kúrò nínú àkọsílẹ̀ mi, mo pè wọ́n ní àkànṣe, nọ́ńbà mẹ́sàn-án sì jáde bí ẹni pé mo ṣírò rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kẹtàdínlógún la gbé iṣẹ́ náà fún un. Láàárín rẹ̀, a rí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí a kò parí ohunkóhun, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ìdí tirẹ̀ tó dà bí àkànṣe.

Níbo wá ni ẹ̀rọ ti rí 14? Mi ò rí inú ètò tí ọ̀gá yín rà, ṣùgbọ́n mo mọ bí púpọ̀ nínú wọn ṣe ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ àwọ̀ mèremère tí wọ́n kùn sí ojú wọn, ọgbọ́n náà sì ti dàgbà ju ọ̀pọ̀ wa lọ. Ní 1957, Morgan Walker ti ilé iṣẹ́ DuPont àti James Kelley ti Remington Rand jókòó ti kọ̀ǹpútà UNIVAC láti wá bí àtúnṣe ilé ẹ̀rọ ńlá kò ṣe ní máa fi àkókò ṣòfò. Wọ́n kọ gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n kọ iye ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà àti èyí tó gbọ́dọ̀ ṣíwájú èyí, wọ́n ní kí ẹ̀rọ wá ẹ̀wọ̀n iṣẹ́ tó gùn jù lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ̀wọ̀n yẹn ló ń dá ọjọ́ ìparí. Bí ẹ bá fi ọjọ́ kan pẹ́ lórí iṣẹ́ tó wà nínú rẹ̀, gbogbo iṣẹ́ fi ọjọ́ kan pẹ́ nìyẹn. Èyí tí kò sí nínú rẹ̀ ní àyè díẹ̀ láti fi mí. Critical Path ni wọ́n ń pè é, òun ló ṣì wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ètò tí wọ́n ń tà lónìí.

Ọgbọ́n náà dára gan-an. Mo máa ń lò ó. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń gba ọ̀rọ̀ ẹni gbọ́ láìjanpata. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé iṣẹ́ kan gba ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́ta ni lójú rẹ̀, kì í ṣe méjì, kì í ṣe méje. Bí ẹ kò bá sọ fún un, yóò gbà pé ènìyàn ń fi wákàtí mẹ́jọ ṣiṣẹ́ náà lójúmọ́, pé kò sí ìpàdé, kò sí ẹni tó ń dá ènìyàn dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sí àtúnṣe sí iṣẹ́ àná.

Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ti mọ àbùkù yìí láti 1958. Wọ́n ń ṣe ohun ìjà Polaris, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí, nítorí náà kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé iṣẹ́ kan máa gba iye ọjọ́ kan pàtó. Ọgbọ́n tí wọ́n dá, tí wọ́n sọ ní PERT, béèrè nọ́ńbà mẹ́ta lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: bí gbogbo nǹkan bá lọ geerege, bí ó bá rí bí ó ṣe máa ń rí, àti bí nǹkan bá dojú rú. Ẹ mú ti àárín, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, ẹ fi méjì yòókù kún un, ẹ pín gbogbo rẹ̀ sí mẹ́fà. Ká ní ẹ fẹ́ so ètò yín pọ̀ mọ́ ti ilé ìfowópamọ́ kan. Bó bá dára, ọjọ́ 4. Bó ṣe máa ń rí, 6. Bó bá burú, 20. Ẹ ṣírò rẹ̀, ọjọ́ 8 ló jáde. Ẹni tó bá kọ 6 sínú ẹ̀rọ kò parọ́, ṣùgbọ́n ó ti jẹ ọjọ́ méjì ní gbèsè láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìdí ni pé iṣẹ́ kì í fì síhà méjèèjì bákan náà. Ìwọ̀nba ọjọ́ ni ènìyàn lè fi tètè parí, kò sì sí ìwọ̀n sí iye ọjọ́ tó lè fi pẹ́.

Ohun kan tún wà tí ẹ̀rọ tó ń lo nọ́ńbà kan ṣoṣo kì í rí. Ká ní iṣẹ́ mẹ́ta ń lọ pọ̀, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ parí ní ọjọ́ Ẹtì kí ẹ tó lè bẹ̀rẹ̀ ìdánwò, ẹni tó di ọ̀kọ̀ọ̀kan mú sì ní ó dá òun lójú dé ìdá 80 nínú 100. Gbogbo yín á lọ sílé pẹ̀lú ọkàn balẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni, bí ohun tó lè mú ọ̀kan pẹ́ kò bá kan èkejì, ẹ ní láti ṣírò 0.8 × 0.8 × 0.8. Ìdá 51 nínú 100 ló kù. Bí ẹni sọ owó sókè ni, ojú tó bá gbà. Ó sì jẹ́ pé kò sí ẹnì kan nínú wọn tó purọ́.

Ẹ má wá rò pé mo fẹ́ kó gbogbo ẹ̀bi fún ẹ̀rọ. Àwa ènìyàn gan-an ni ojúbọ̀rọ̀ kò ṣe é rí òótọ́ gbà lẹ́nu wa nípa ọjọ́ iwájú. Ní 1994, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá mẹ́ta, Roger Buehler, Dale Griffin àti Michael Ross, bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá wọn ní yunifásítì pé ọjọ́ mélòó ni wọn ó fi parí. Ìpíndọ́gba ìdáhùn wọn jẹ́ ọjọ́ 33.9. Wọ́n tún ní kí wọ́n sọ iye tí yóò gbà bí gbogbo nǹkan bá burú débi tó lè burú dé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní 48.6. Ọjọ́ 55.5 ló gbà wọ́n. Ẹ tún ìyẹn kà: ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an burú ju ohun tó burú jù lọ tí wọ́n lè rò lọ. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbára lé PERT pátápátá. Nọ́ńbà kẹta tí a ń béèrè, tí a rò pé òun ni yóò gbà wá, ìrètí wà nínú òun náà.

Daniel Kahneman àti Amos Tversky, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá bákan náà, ti fún àrùn yìí lórúkọ láti 1979, wọ́n sì júwe oògùn rẹ̀. Bí ènìyàn bá jókòó sínú iṣẹ́ tirẹ̀ tó ń ka àwọn ìgbésẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tó mọ̀ nìkan ni yóò kà. Kí ó jáde síta, kí ó bi ara rẹ̀ pé àwọn tó ṣe irú iṣẹ́ yìí rí, báwo ló ṣe rí fún wọn? Gbọ̀ngàn Opera House ti Sydney ni wọ́n máa ń tọ́ka sí jù: ọdún 1963 ni wọ́n fi ìparí rẹ̀ sí, 1973 ni wọ́n ṣí i, owó rẹ̀ tí wọ́n fojú díwọ̀n sí mílíọ̀nù 7 dọ́là Australia di mílíọ̀nù 102. Bent Flyvbjerg tó kó àkọsílẹ̀ àwọn iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀ jọ láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ ló sọ oògùn Kahneman di ohun tí ìjọba ń lò. Ní Britain, láti 2003 ni ìwé ìlànà ilé iṣẹ́ ìṣúná wọn ti ní kí wọ́n máa bu iye kan lé ìṣirò àwọn iṣẹ́ ìjọba, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìrètí ló kọ ìṣirò náà.

Iṣẹ́ tiyín kò tó gbọ̀ngàn Sydney, ẹ kò sì nílò àkọsílẹ̀ iṣẹ́ àwọn ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá yín ni àwọn tó ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Ẹ̀yin fúnra yín ni.

Tí ẹ bá tún fẹ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn ènìyàn yín, ẹ ṣọ́ra fún bí ẹ ṣe máa béèrè. Ọ̀gá ti pariwo 14, 14 ti wọ gbogbo wọn létí. Kahneman àti Tversky ṣe ìdánwò kan tí mo fẹ́ràn láti máa sọ. Wọ́n yí àgbá kan tí nọ́ńbà wà lára rẹ̀ níwájú àwọn ènìyàn, wọ́n wá bi wọ́n pé ìdá mélòó nínú àwọn orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló wà ní Áfíríkà. Àwọn tí àgbá dúró sí 10 fún fojú díwọ̀n rẹ̀ sí 25. Àwọn tí ó dúró sí 65 fún ní 45. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé àgbá kò mọ nǹkan kan nípa Áfíríkà. Bí àgbá lásán bá lè fa ènìyàn tó báyìí, kí ni ohùn ọ̀gá tó ń sanwó oṣù kò ní fà?

Àwọn tó ń kọ sọ́fúwíà dá ọgbọ́n kan fún èyí, James Grenning ló kọ ọ́ sílẹ̀ ní 2002. Olúkúlùkù mú káàdì lọ́wọ́, nọ́ńbà wà lára wọn, 1, 2, 3, 5, 8, 13. A ka iṣẹ́ kan síta, olúkúlùkù yan káàdì, ó da ojú rẹ̀ bolẹ̀, a wá ṣí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ kò lè fa ẹni tó sọ kẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó jáde kọ́ ni mo máa ń wò jù. Ìgbà tí ẹnì kan bá gbé 3 sókè tí ẹnì kejì gbé 13 ni mo máa ń tẹ́tí. Ọ̀kan nínú wọn mọ ohun tí èkejì kò mọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ kí ẹ tó fẹnu kò. Mo ti rí ibi tí ìjíròrò ìṣẹ́jú márùn-ún báyìí ti fi hàn pé idajì iṣẹ́ náà ni ẹnikẹ́ni kò kọ sílẹ̀.

Èyí gbé mi dé ibi tí ìṣirò tèmi gan-an ti lè ṣì yín lọ́nà. Mo gbà pé 60 ni yóò jẹ́ títí dé òpin. Kì í rí bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ṣe ń ṣiṣẹ́ lẹ ó máa rí ohun tí ẹ gbàgbé, ọ̀gá náà yóò sì máa rántí ohun tó fẹ́. Ká ní ẹyọ iṣẹ́ mẹ́wàá péré ló yọjú kí ẹ tó parí. Ọ̀sẹ̀ 20 tí mo ní ó tó 87 nínú 100 ìtàn á já wálẹ̀ sí bíi 42. Kí ọkàn yín tó lè balẹ̀ bí i ti tẹ́lẹ̀, ọ̀sẹ̀ 23 ni ẹ ó dá. Iṣẹ́ mẹ́wàá lásán! Nítorí náà, láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, yàtọ̀ sí iye tí ẹ parí, ẹ máa kọ iye tuntun tó wọlé sílẹ̀ pẹ̀lú. Bí mo bá ní kí n yan nọ́ńbà kan ṣoṣo tí ẹ ó máa kọ́kọ́ fi han ọ̀gá, iye tó ń wọlé ni. Òun ni ọ̀rọ̀ tó kan òun tìkára rẹ̀.

Bákan náà, bí ìdajì iṣẹ́ tó kù bá tóbi ju àwọn tó ti parí lọ, àpò bébà wa ń purọ́. Kò di dandan kí gbogbo wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n kí ńlá àti kékeré inú àwọn tó kù jọ ti inú àwọn tó parí. Bí ẹ bá rí èyí tó tóbi jù, ẹ là á sí méjì tàbí mẹ́ta kí ẹ tó kà á, kí ẹ sì jẹ́ kí 60 náà yí padà bí ó bá ṣe yẹ.

Ní ti AI inú ètò náà, mi ò bá a jà. Bí ó bá rí àkọsílẹ̀ òtítọ́ tó pọ̀, ó lè rí ohun tí ojú wa kò rí, bíi pé gbogbo iṣẹ́ tó bá kan ilé ìfowópamọ́ máa ń fi ìlọ́po méjì pẹ́. Ẹ bi ẹni tó tà á fún yín pé: inú àkọsílẹ̀ ta ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́? Ṣé ó lè sọ ọ̀sẹ̀ mélòó sí mélòó dípò ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo? Nígbà tó sọ tàwọn ẹlòmíràn, ìgbà mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni ó bọ́ sí i? Bí olùtajà bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán aláwọ̀ mèremère hàn yín lórí ìbéèrè kẹta, ẹ ti gbọ́ ìdáhùn. Ẹ wádìí inú ilé yín náà o. Mo ti rí ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti máa ń jókòó ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì láti kún wákàtí tí wọ́n lò, tí wọ́n sì ń kọ iye tí wọ́n fojú díwọ̀n tẹ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà bi wọ́n léèrè. Ẹ̀rọ tó bá kẹ́kọ̀ọ́ nínú irú ìyẹn yóò gbà tọkàntọkàn pé ìfojúdíwọ̀n ilé iṣẹ́ náà kì í yẹ̀ láé.

Ìyẹn ni ìdí tí kò fi yẹ kí àwọn nọ́ńbà yìí di pàṣán. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá fi iye iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan bá ènìyàn wí, ọ̀sẹ̀ kejì ni iṣẹ́ kan yóò ti pín sí mẹ́ta lórí bébà, àkọsílẹ̀ yín á sì kú. Ó lè wá dà bí ẹni pé ẹ yára.

Bí ọ̀gá bá wá ní òun yóò fi ẹni mẹ́ta kún yín kí 14 lè ṣeé ṣe, ẹ rọra. Fred Brooks, tó darí iṣẹ́ OS/360, ètò ńlá tó ń darí kọ̀ǹpútà, ní ilé iṣẹ́ IBM, ti kọ ọ́ láti 1975 pé fífi ènìyàn kún iṣẹ́ sọ́fúwíà tó ti pẹ́ ń mú kí ó túbọ̀ pẹ́ ni. Ẹ̀yin mẹ́fà, ọ̀nà 15 ni ọ̀rọ̀ lè gbà lọ láàárín ẹni méjì méjì. Bí ẹ bá di mẹ́sàn-án, ó di 36. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ni yóò sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Bí ó bá fẹ́ fi ènìyàn kún un, ọ̀sẹ̀ yìí ló dára jù, kì í ṣe ọ̀sẹ̀ kejìlá, ẹ sì retí pé ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ yóò falẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tó lè ràn yín lọ́wọ́ ju ìyẹn lọ kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ ka iye ẹyọ iṣẹ́ tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ tí ẹ kò tíì parí. Onímọ̀ kan, John Little, fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní 1961 pé iye ohun tó wà lọ́wọ́, tí a bá pín in sí iye tó ń parí lọ́sẹ̀, ni iye ọ̀sẹ̀ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa ń lò lọ́wọ́ yín. Ẹni mẹ́fà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ 17 tó sì ń parí 3.4 lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń ká sí wọn lọ́wọ́. Ẹ dín in kù sí 7 tàbí 8, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀sẹ̀ òdo á tún rọrùn láti ṣẹlẹ̀.

Ó ku ohun tí ẹ ó sọ. Ẹ má lọ sọ fún ọ̀gá pé ẹ̀rọ rẹ̀ ṣì í, ẹ ó kàn sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ìgbéraga ni. Ẹ mú bébà kan lọ, kí ẹ kọ nọ́ńbà mẹ́wàá náà sí òkè, pẹ̀lú òdo. Ẹ sọ pé: “Ọ̀gá, bí a bá dá ọ̀sẹ̀ 18, ó ju idajì lọ díẹ̀ pé a ó bá a. Bí a bá dá 20, ó tó ìdá 87 nínú 100, bí a kò bá fi iṣẹ́ tuntun kún un. Èwo nínú wọn lẹ fẹ́ sọ fún àwọn oníbàárà?” Ẹ jẹ́ kí òun yan. Bó bá ní àyè tí ẹ fẹ́ fi pamọ́, ẹ má wọ́n ọn sórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, torí ohun tí Parkinson, òǹkọ̀wé ará Britain kan, kọ ní 1955 ṣì ń ṣẹlẹ̀: iṣẹ́ máa ń fẹ̀ títí yóò fi kún àyè tí a fún un. Ẹ kó gbogbo àyè náà sí ìparí, lójú gbogbo ènìyàn, kí ẹ sì máa sọ iye tó ti lọ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ẹ ju bébà tuntun kan sínú àpò, kí ẹ sì tún ìṣirò náà ṣe. Àwọn àgbà ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Ẹ̀yin ní Excel. RANDBETWEEN, àṣẹ inú rẹ̀ tó ń mú nọ́ńbà láìwojú ẹnikẹ́ni, á sọ bébà kẹlòó ni kí ẹ fà, ìlà 40 sísàlẹ̀ ti tó fún ìtàn kan, kí ẹ sì dà á kọ ní ẹgbẹ̀rún kan ìgbà sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Bí ọ̀sẹ̀ òdo mìíràn bá dé, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kí ẹ kọ ohun tó fà á sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ìlà kan. Ẹ padà kọ̀wé sí mi ní ọ̀sẹ̀ kẹwàá, kí ẹ fi gbogbo ogún nọ́ńbà náà ránṣẹ́.